Fóònù Kan ní Pálọ̀ Bàbá Alága

Ìgbà tí mo wà nínú oyún ọmọ mi ni ìjọba ìbílẹ̀ kéde pé àwọn fẹ́ ti ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa ní Ìbà, kí wọ́n dà á pọ̀ mọ́ èyí tó wà ní òdìkejì títì márosẹ̀. Lójú ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì, ìrìn díẹ̀ ni. Lójú èmi tí ẹsẹ̀ mi wú bí iṣu, tí ẹ̀jẹ̀ mi sì ń ru, ikú ló wà láàrin méjèèjì. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ní kí n máa wá yẹ ara mi wò. Mo bi í pé tí wọ́n bá wá ti ibẹ̀ ńkọ́? Ó ní kí n má ronú, pé ìrònú ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè. Ẹ gbọ́ mi ná, ta ló lè gbọ́ irú ìyẹn kó má ronú?

Wọ́n ní ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ kó wá sọ ọ́ nípàdé ìtagbangba, ṣùgbọ́n orí fóònù ni wọn yóò ti ṣe é, torí pé wọ́n ń tún gbọ̀ngàn wọn ṣe. Bàbá alága ẹgbẹ́ onílé, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Èkìtì tí kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, ní kí gbogbo àdúgbò wá péjọ sí pálọ̀ àwọn. Ẹnu kan la ó fi sọ̀rọ̀, àwọn ni wọn yóò sì sọ ọ́. "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà," ni wọ́n wí. Ta ló fẹ́ bá òwe jà? Inú mi tilẹ̀ dùn. Fóònù tiwọn kò mọ̀ ju ìpè àti tọ́ọ̀ṣì lọ, nítorí náà tèmi la lò.

Lọ́jọ́ náà, pálọ̀ kún. Bàtà kún ẹnu ọ̀nà. A pa jẹnẹrétọ̀ kí ariwo rẹ̀ má bàa bo ohùn wa mọ́lẹ̀, ooru sì dà bò wá. Mo fi fóònù ti agolo mílíìkì kan. Nígbà tó kàn wá, Bàbá dìde dúró. Fún fóònù! Wọ́n kí àwọn aláṣẹ, wọ́n kí aya àti ọmọ wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ náà, ó sì dùn létí: àwọn arúgbó, àwọn ọmọ ọwọ́, àwọn aláboyún, àti márosẹ̀ tí tírélà kì í ti í dúró fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo wa ń mi orí. Nígbà tí wọ́n jókòó, díẹ̀ ló kù ká pàtẹ́wọ́.

Akọ̀wé ìpàdé, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, ní, "Ẹ ṣé gan-an, sà. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tàwọn ará òdìkejì." Ó sì pa ohùn wa.

Àwọn ará òdìkejì kò péjọ síbì kankan. Oníkálukú wà nílé rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nínú mọ́tò, pẹ̀lú fóònù tirẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n ń sọ: àwọn fẹ́ kí wọ́n kó o wá sọ́dọ̀ àwọn. Kò yẹ kí n bínú sí wọn, àwọn náà ń bímọ. Síbẹ̀ mo bínú.

Akọ̀wé wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rọ̀ jọ. "Àwọn tó wọlé láti òdìkejì pọ̀ gan-an. Láti àdúgbò tí ilé ìwòsàn wà báyìí, ẹnì kan ṣoṣo ló wọlé."

"Ẹnì kan kẹ̀?" Bàbá fò dìde. "Gbogbo àdúgbò ló wà níbí!"

Pálọ̀ dàrú. Gbogbo wa ń pariwo mọ́ fóònù tí kò gbé ohùn wa jáde. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, wọn ò ka orí. Fóònù ni wọ́n ń kà. Ẹnì kan la jẹ́ lójú wọn."

Ó yé wọn lójú ẹsẹ̀, mo sì rí i pé ó dùn wọ́n. "Ẹ tú ká," ni wọ́n wí. "Kí oníkálukú lọ wọlé látilé rẹ̀. Ẹ sáré!"

Ìjà bàtà bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnì kan ń kígbe pé òun ò ní dátà. Onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sílé wa ò tilẹ̀ wá bàtà, ẹsẹ̀ lásán ló fi sáré lọ. Akọ̀wé ń sọ pé ìpàdé máa tó parí. Ó ku èmi àti Bàbá níwájú fóònù. Orúkọ kan wọlé. Òmíràn wọlé, ó já, ó tún padà wọlé.

Mo tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti nawọ́. Akọ̀wé ṣí ohùn mi, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Orúkọ yín ti sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹnì kan ń sọ̀rọ̀."

Orúkọ mi! Orúkọ mi ni Bàbá fi sọ̀rọ̀ láìmọ̀, èmi tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú ikùn mi kò sì ní ẹnu mọ́. Inú bí mi débi pé n kò lè wojú wọn.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn onídìrí. Ó ń mí hẹlẹ. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, inú pálọ̀ kan ni gbogbo wa wà látàárọ̀, bá a ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí ọ̀rọ̀ bá le. Aláboyún kan wà ní àdúgbò wa, bíípì ń dà á láàmú. Èmi ni mò ń dirun fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gbé oyún jókòó síwájú mi, tó tún padà wá láìsí oyún, láìsí ọmọ. Mi ò bi í rí. Tẹ́ ẹ bá ní kó máa sọdá ẹkisipírẹ́ẹ̀sì kó tó rí nọ́ọ̀sì, ẹ̀ẹ̀kẹta la fẹ́ fà yẹn o."

Èmi àti ọkọ mi nìkan ni mo rò pé a mọ̀. N kò sọ ọ́ fún ìyá mi pàápàá. Ìtìjú mú mi, mo fẹ́ kí ilẹ̀ là. Obìnrin yẹn ti na ọ̀rọ̀ mi síta níwájú ìjọba.

Akọ̀wé ní, "Tí a bá máa dá ọ̀rọ̀ yìí dúró kí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ wá wo títì náà, ó yẹ ká gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kàn. Bí orúkọ rẹ̀ bá tiẹ̀ ti sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, a máa gbà á láyè. Ṣé obìnrin náà wà nípàdé yìí?"

Ilé ìwòsàn náà ṣì wà níbi tó wà, ibẹ̀ ni ọmọ mi ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn n kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Kò sẹ́ni tó dárúkọ mi. Mo lè dákẹ́. Bàbá rọra yí ojú wọn sí ògiri.

"Èmi ni, mà," ni mo wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni lóòótọ́."