Ìyá Àgbà àti Irin Ojú Òfurufú

Títí dòní, bí mo bá gbọ́ òórùn gàrí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò lórí iná, ìró ìbọn ni í kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Ẹni tí kò bá gbé nílé wa ní Lálùpọn nígbà náà kò lè mọ bí nǹkan méjèèjì ṣe pàdé. Àtíbàbà tí ìyá bàbá mi ti ń yan gàrí wà lẹ́yìn fèrèsé pálọ̀ gan-an. Inú pálọ̀ yẹn ni tẹlifíṣàn wà, ìdí tẹlifíṣàn sì ni èmi máa ń wà láti ìgbà tí iná bá ti dé títí di ìgbà tí wọ́n bá tún mú un lọ. Èéfín ń gba ojú fèrèsé wọlé, ìró ìbọn ń gba ibẹ̀ jáde, kálukú wa sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀dọ̀ Ìyá àgbà yìí ni mo dàgbà sí. Ìyá mi ti kú láti kékeré mi, bàbá mi sì ń ṣiṣẹ́ ní ìgboro Ìbàdàn, òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa ń wá wò wá. Mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà tí mò ń sọ yìí, mò ń retí kí yunifásítì gbà mí. Nítorí pé èsì ìdánwò mi dára, bàbá mi ra ẹ̀rọ géèmù àlòkù kan fún mi. Géèmù bọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ti ológun ni mo yàn láàyò. Orí ilẹ̀ ni àwọn sójà inú rẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìjà, ojú òfurufú lọ́hùn-ún, níbi tí àwọn sátẹ́láìtì wà, ni wọ́n ti ń parí rẹ̀. Wọ́n ń yìnbọn níbẹ̀, ó ń dún lákọlákọ. Wọ́n ní iná pupa gbọọrọ kan tó ń gé irin bí ẹni gé ọṣẹ. Èyí tó wá wù mí jù ni ọ̀pá irin gígùn kan tí wọ́n so mọ́ abẹ́ sátẹ́láìtì. Bí o bá ti tẹ bọ́tìnnì, irin náà á já, á wá sílẹ̀ ṣánṣán, ohunkóhun tó bá sì bá lójú ọ̀nà di eérú.

Mo fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì, mo sì gbà pé kò sí nǹkan kan nínú géèmù yẹn tí kì í ṣe sáyẹ́ǹsì. Ẹnu mi kì í sinmi. Mo ti sọ ọ́ títí fún àwọn obìnrin tó ń bá Ìyá àgbà bó ẹ̀gẹ́ pé àwọn ọ̀mọ̀wé ló jókòó ṣírò gbogbo ohun tí wọ́n ń wò yẹn, pé bó ṣe rí gan-an lókè nìyẹn. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní ọgbọ́n òyìnbó pọ̀. Inú mi á wá máa dùn, àfi bíi pé èmi ni òyìnbó náà.

Ọdún yẹn gan-an ni bàbá mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ pinnu pé Ìyá àgbà gbọ́dọ̀ dé Mẹ́kà. Ó ti pẹ́ tí ọkàn màmá ti wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá kírun tán, wọ́n á jókòó sórí ẹní, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ibẹ̀ bíi pé ilé ọmọ wọn kan ni. Wọ́n ti ya fọ́tò, wọ́n ti gba ìwé ìrìnnà, wọ́n sì ti ra bàtà rírọ̀ kan tí wọ́n máa ń wọ̀ rìn káàkiri inú yàrá kó lè mọ́ wọn lẹ́sẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni wọ́n wọlé láti mu omi. Ìjà ti le lójú tẹlifíṣàn. Ọ̀pá irin náà já láti òkè, ó sì bá ọkọ̀ òfurufú kan tí èrò kún inú rẹ̀ lójú ọ̀nà, ni ọkọ̀ bá gbiná. Ìyá àgbà dúró sójú kan, ife omi wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò mu ún.

Wọ́n ní, "Ìlú wo nìyẹn?"

Mi ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Mo ní, "Ẹ ò lè mọ ibẹ̀, Ìyá."

"Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ńkọ́?"

"Gbogbo wọn ti kú."

Wọ́n ṣàdúà fún àwọn òkú náà wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n gbé ife kalẹ̀, wọ́n sì padà sídìí iná. Èmi ń tẹ páàdì géèmù mi lọ. Kò wá sí mi lọ́kàn pé orí tẹlifíṣàn kan náà yẹn ni wọ́n ti ń wo ìròyìn ní ìrọ̀lẹ́, níbi tí wọ́n ti ń rí ogun àwọn ìlú tó jìnnà àti ilé tó ń wó. Géèmù tí wọ́n mọ̀ ni ti bọ́ọ̀lù. Èyí ò jọ eré lójú wọn, èmi fúnra mi ni mo sì ti ń pariwo fún gbogbo agbo ilé pé òótọ́ ni.

Nígbà tí bàbá mi dé ní òpin ọ̀sẹ̀, Ìyá àgbà ní àwọn ò lọ sí Mẹ́kà mọ́. Bàbá mi rò pé wọ́n ń ṣàwàdà. Wọ́n ní, "Irin wà lókè. Ó ń já lu ọkọ̀ òfurufú. Ọmọ rẹ mọ̀ nípa ẹ̀, bi í." Bàbá mi yíjú sí mi. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ẹ̀rín fẹ́ pa wọ́n, ìbínú sì ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀rín náà. Wọ́n ní èmi ni mo dá a sílẹ̀, èmi náà ni kí n tún un ṣe kí ọkọ̀ àwọn onímẹ́kà tó gbéra.

Mo rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Mo lọ bá Ìyá àgbà, mo ní eré ni, kò sí irin kankan lókè. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ lo ní àwọn ọ̀mọ̀wé ló ṣírò ẹ̀. Ṣé nítorí pé mo fẹ́ rìnrìn àjò ló ṣe wá di irọ́?" Báyìí ni mo ṣe padà sídìí géèmù tí mo fẹ́ràn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá irọ́ rẹ̀ bí lọ́yà tó ń wá ibi tí ẹjọ́ ti wọ́.

Ìró ìbọn ni mo kọ́kọ́ mú. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé ohùn rìn, kò sì sí afẹ́fẹ́ lókè lọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá yìnbọn níbẹ̀, ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ìyá àgbà rò ó wò. Wọ́n ní ta ló wá ń pariwo tó ń dí àwọn létí láti ọjọ́ yìí. Mo ní àwọn tó ṣe géèmù náà ló fi kún un kó lè dùn. Wọ́n ní, "Ẹn-ẹ́n," wọ́n sì ń ro gàrí wọn lọ.

Iná pupa yẹn, àtíbàbà ló là mí lójú sí i. Ojú ìṣó pọ̀ lára páànù ibẹ̀. Lọ́sàn-án, oòrùn máa ń gba ojú ihò wọ̀nyẹn wọlé, á dúró gbọọrọ nínú èéfín bí ọ̀pá. Mo ti rí i láti kékeré, mi ò kà á sí. Lọ́jọ́ náà ni mo ṣàkíyèsí pé nígbà tí wọ́n pa iná, tí èéfín lọ, ọ̀pá ìmọ́lẹ̀ ò sí mọ́, kìkì àmì tóóró ló kù nílẹ̀. Mo sáré pe Ìyá àgbà. Mo ní èéfín ló ń jẹ́ ká rí ìmọ́lẹ̀ yẹn lọ́nà, pé níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí èéfín tàbí eruku lókè, kò sẹ́ni tó lè rí iná pupa kankan kó máa kọjá lọ. Wọ́n ní kí wọ́n tún iná dá. Èéfín dé, ọ̀pá ìmọ́lẹ̀ tún yọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì pe àwọn obìnrin yòókù kí wọ́n wá wò ó.

Ó wá ku irin. Mo so òkúta mọ́ okùn, mo ń fì í yípo lórí mi, mo ń sọ fún wọn pé nǹkan tó bá ń sáré yípo kì í já lu ni bọ̀rọ̀. Ibi tí mo ti ń sọ ọ́ ni okùn ti já, òkúta fò lọ fọ́ ìkòkò omi. Ìyá àgbà ní, "Ìwọ lo ní kì í já." Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mi ò kúrò níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi òkúta sílẹ̀, kí wọ́n wo òṣùpá.

"Òṣùpá tí à ń wò ká tó gbààwẹ̀?"

"Òun ni. Ó ń sáré yí ayé po ni, ìdí nìyẹn tí kò fi já lù wá rí. Bẹ́ẹ̀ ni sátẹ́láìtì náà ń sáré, irin abẹ́ rẹ̀ sì ń bá a sáré. Bí wọ́n bá tú irin yẹn sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ sátẹ́láìtì ni yóò máa bá a lọ. Kò ní wá sílẹ̀ àfi tí wọ́n bá fi nǹkan fà á sẹ́yìn kí eré rẹ̀ dínkù, á sì pẹ́ kó tó délẹ̀. Kò lè bá ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ."

Wọ́n ní àwọn tó lè purọ́ ariwo, tí wọ́n purọ́ iná, kí ló dé tí wọn ò ní purọ́ irin. Bó ṣe tán nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún àwọn obìnrin wọn pé ìbọn òkè ò lóhùn. Mo ń yan kiri àgbàlá.

Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá mi tún dé, Ìyá àgbà ní orúnkún ń dun àwọn, kí wọ́n fi Mẹ́kà sílẹ̀ di ọdún mìíràn. Orúnkún yẹn ò dùn wọ́n rí nídìí iná. Ọkọ̀ òfurufú kan kọjá lórí ilé wa tó ń lọ sọ̀kalẹ̀ ní Alákìá, gbogbo wa gbójú sókè, àwọn nìkan ni wọ́n tẹjú mọ́ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń bó. Mo mọ̀ nígbà náà pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ irin mọ́.

Mo jókòó tì wọ́n, mo mú ọ̀bẹ, èmi náà ń bó ẹ̀gẹ́. Nígbà tí ó pẹ́, mo bi wọ́n pé kí ló ń bà wọ́n lẹ́rù gan-an.

Wọ́n ní, "Ìwọ ni."

Mo ní, "Kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ tí ìyá rẹ kú, èmi ni mo sọ fún ẹ pé ó rìnrìn àjò, pé ó ń bọ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ fún ọmọdé nìyẹn. O gbé àpótí kékeré lọ sẹ́nu ọ̀nà, o jókòó, ò ń wo àwọn ọ̀kadà. O ò sunkún. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wàá tún gbé àpótí lọ síbẹ̀. Èmi tí mo purọ́ yẹn, inú ilé ni mo ti ń sunkún." Wọ́n gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. "Bí mo bá lọ, tí mi ò bọ̀, irọ́ wo ni wọ́n tún máa pa fún ẹ?"

Mo rò pé mo ti gbàgbé àpótí yẹn. Mo rántí rẹ̀ lójijì, bó ṣe ń mì nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tó kúrú, àti bí ara mi ṣe máa ń ta gìrì tí ọ̀kadà bá dẹ eré níwájú ilé. Láti ọjọ́ tí mo ti ń wá irọ́ inú géèmù, kò sí èyí tó dà bí èyí.

Wọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ kí n lọ?"

Mo ní, "Mo fẹ́ kí ẹ lọ. Mo sì fẹ́ kí ẹ padà."

"Àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ mi. Èkejì di ọwọ́ Ọlọ́run."

Mo ní, "Bí Ọlọ́run bá wá ṣe é bó ṣe wù ú, kí wọ́n sọ òótọ́ fún mi. Mo ti tó ẹni tí wọ́n ń sọ òótọ́ fún." Mi ò dàgbà tó bí mo ṣe ń fọ́nnu yẹn. Wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n wọlé, mo sì gbọ́ ìró bàtà rírọ̀ yẹn nínú yàrá.

Wọ́n lọ, wọ́n dé. Wọ́n di Àlàájà, wọ́n gbé dàbínù àti omi sámúsámù bọ̀, wọ́n sì sọ fún gbogbo Lálùpọn pé oorun ni àwọn sùn lọ sùn bọ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú. Mo rù díẹ̀ kí wọ́n tó dé. Wọ́n dì mí mú lágbọ̀n, wọ́n ní ta ló ń se oúnjẹ fún mi.

Ní báyìí, mo ti kàwé tán, iṣẹ́ mi sì wà ní ìgboro. Mo ṣì ń fi géèmù wọ̀nyẹn ṣeré nígbà tí àyè bá wà. Ohun ìjà inú wọn ti pọ̀ sí i, irọ́ wọn náà ti pọ̀ sí i, mo sì fẹ́ràn wọn bẹ́ẹ̀. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀dọ́ tí mo jẹ́ nígbà náà, tó rò pé sáyẹ́ǹsì ló gbé ìyá àgbà kan dé Mẹ́kà.

Lọ́dún tó kọjá, lákòókò òjò, bàbá mi pè mí lórí fóònù níbi iṣẹ́ ní òwúrọ̀. Nílé wa, bí èèyàn bá kú, wọ́n á ní ara rẹ̀ ò yá, kí o máa bọ̀ nílé. Bàbá mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá mi ti kú. Lórí ibùsùn wọn ni, láàárọ̀ yìí." Mo jókòó sílẹ̀ níbi tí mo wà. Lẹ́yìn ìsìnkú ni bàbá mi tó sọ fún mi pé láti ọjọ́ tí àwọn tẹ̀lé Ìyá àgbà lọ wọkọ̀ Mẹ́kà ni màmá ti fi ọ̀rọ̀ lé àwọn lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ọmọ yẹn ò fẹ́ irọ́ nínú eré pàápàá. Ọjọ́ tí mo bá kú, ẹ má sọ fún un pé mo rìnrìn àjò."

Mo sunkún wọn tẹ́rùn. Ẹkún ìyá mi náà wà nínú rẹ̀.