Mọ́tò Bàbá Mi Tí Mo Fi Gátò Ṣe

Ní ìgbà Rẹfolúsọ̀n, ìyẹn ìjọba àwọn ológun, nígbà tí gbogbo wa ní Ifangni ń pe ara wa ní kàmáráàdì, ojú bàbá mi fọ́. Kò fọ́ lójijì. Ó kọ́kọ́ ní kùrukùru ń bo òun lójú lálẹ́. Nígbà tó yá, kò rí igi àgbọn ẹnu ọ̀nà wa mọ́ lọ́sàn-án gangan. Awakọ̀ ni. Péjò pupa kan tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀, irú èyí tí a ń pè ní bàṣé, ló fi ń kó èrò lọ sí Àjàṣẹ́ láti kékeré mi. Ó tà á fún ọkùnrin kan ní Daagbé, ó wọ yàrá lọ, kò sì fẹ́ jáde mọ́. Tí àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá wá kí i, á ní ká sọ pé òun ń sùn.

Èmi ni àkọ́bí rẹ̀. Mo ti kọ́ṣẹ́ gátò, àkàrà òyìnbó aládùn, lọ́dọ̀ obìnrin kan ní Àjàṣẹ́ kí n tó padà wálé láti ran ìyá mi lọ́wọ́. Gátò roboto nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe, èyí tí mo máa ń yan nínú ìkòkò ńlá tí mo da yanrìn sí nísàlẹ̀, tí mo gbé ka iná èédú. Lọ́jọ́ kan, mo bá bàbá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì, bí ẹni tó ń wakọ̀. Kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti sọ sí mi lọ́kàn pé màá fi gátò ṣe mọ́tò yẹn fún un, kó lè fi ọwọ́ rí i.

"Fi gátò ṣe mọ́tò kẹ̀?" ni ìyá mi wí. "Ṣé o ti ṣe irú ẹ̀ rí ni?"

"Rárá, màámi."

Ó wò mí títí. "Ó dáa. Jẹ́ kí n máa lọ ṣúgà."

Mo wọkọ̀ lọ sí Daagbé. Ọkùnrin tó ra mọ́tò náà ń tún táyà ṣe lábẹ́ igi mángòrò. Mo ṣàlàyé ohun tí mo bá wá. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wò mí lójú, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Bon, ó dáa, sún mọ́ ọn."

Mo di ojú mi, mo fi ọwọ́ tọ ara mọ́tò náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, lókè táyà, ọwọ́ mi bọ́ sí ibi tó tẹ̀ wọnú. Mo rántí. Igi ọ̀pẹ kan ni bàbá mi lọ gbá lójú ọ̀nà Banigbé, nítorí ewúrẹ́ tó sá wọ títì.

"Bá mi kí bàbá," ni ọkùnrin náà wí nígbà tí mo ń lọ. "Sọ fún wọn pé mọ́tò wọn ṣì ń sáré."

Nígbà àkọ́kọ́, mo gé gátò náà nígbà tó ṣì gbóná, òrùlé mọ́tò sì wó. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bú sẹ́kún. Ìyá mi kó èyí tó wó, ó pín in fún àwọn ọmọ àdúgbò, ó ní kí n dìde ká po ìyẹ̀fun mìíràn. Èkejì, a jẹ́ kó sùn mọ́jú kí n tó fi ọ̀bẹ kàn án. Mo gbẹ́ iwájú rẹ̀, mo gbẹ́ ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí, mo fi ẹnu agolo mílíìkì gé táyà, mo fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún un mọ́ra kó má baà yẹ̀. Ìyá mi po ṣúgà tó lọ̀ kúnná mọ́ funfun ẹyin, ó wá ń kán omi ìṣápá tó sè sí i díẹ̀díẹ̀ kó lè pupa.

"Kí la fẹ́ fi àwọ̀ ṣe, màámi? Wọn ò ní rí i."

"Wọ́n á bèèrè," ló dáhùn.

Súìtì bọ́mbọ́n méjì ni mo fi ṣe iná iwájú. Lẹ́yìn náà, mo fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ òsì wọnú, jẹ́jẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, a gbé e tọ bàbá mi lọ lórí pákó. Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo gbé e lé gátò náà.

"Kí nìyí?"

Ìka rẹ̀ gba orí iná iwájú kọjá, ó gun òkè, ó kan tapólì tí mo fi fọ́ọ̀kì fa ìlà sí lára. Ó dúró. Ó padà sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ó wá ibì kan, ó rí i. Ìka rẹ̀ pẹ́ níbẹ̀.

"Ewúrẹ́ yẹn," ló wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Àwọ̀ wo lẹ fi kùn ún?"

"Pupa ni, bàbá."

Ìyá mi wò mí.

Ó ní ká gbé e jáde, ká sì mú òun jáde pẹ̀lú rẹ̀, ká ránṣẹ́ pe àwọn ẹgbẹ́ òun. Wọ́n dé, wọ́n yí i ká, olúkúlùkù ń sọ ibi tí mọ́tò náà gbé e dé rí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gé e. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló tọwọ́ dé táyà iwájú, ó yọ ọ́, ó nà án sí ìyá mi.

"Ìwọ lo máa ń pè é ní orogún rẹ. Wá jẹ ẹ́."

Ẹ̀rín gba gbogbo àgbàlá. Ìyá mi gbà á, ó jẹ ẹ́ tán níwájú wọn. Bàbá mi náà jẹ títí ṣúgà fi kún irùngbọ̀n rẹ̀. Bí mo ṣe ń fi aṣọ nù ún, ó rọra sọ sí mi létí pé ṣúgà rẹ̀ ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kí n má sọ fún ìyá mi.