Obìnrin Tó Wà Lẹ́yìn Àga Ọba

Èmi tí ẹ ń wò yìí náà ti ṣe ọmọdé rí, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àdúgbò Al Qasimia ní Sharjah ni mo ti ṣe é, nígbà tí kò tíì sí ọkọ̀ ojú irin mẹ́tíróò ní Dubai tó wà nítòsí. Èmi, màmá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin la jọ ń gbé yàrá kan. Obìnrin Rọ́ṣíà kan tó ń ra aṣọ awọ lọ tà nílùú wọn ló wà ní yàrá kejì.

Ìkòkò àti abọ́ ni màmá mi àti ẹ̀gbọ́n ń rà ní páálí-páálí ní ọjà Al Ras ní Dubai, tí wọ́n ń kó ránṣẹ́ sí Èkó. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń ná ọjà. Ẹ̀gbọ́n ni àgbà, nítorí náà òun nìkan ló ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú oníṣọ́ọ̀bù. Màmá mi tó mọ ọjà dunjú á dúró sẹ́yìn, á máa sọ iye tó yẹ sí i létí ní Yorùbá, ẹ̀gbọ́n á wá gbé e jáde bíi pé orí tiẹ̀ ló ti wá. Àbúrò kì í lanu ná ọjà lójú ẹ̀gbọ́n.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n ní kí èmi àti màmá mi múra Èkó. Ọmọ òun ọkùnrin ń bọ̀ wá rọ́pò wa, òun kò sì ní í tún fíìsà wa ṣe mọ́. Màmá mi sunkún ní kọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n "Ẹ ṣé, mà" ló sọ lójú ẹ̀gbọ́n.

Lọ́sàn-án Jímọ̀ kan, ẹ̀gbọ́n ń dín ẹja ní kíṣìnì, obìnrin Rọ́ṣíà náà ń sọ ìtàn ọba ilẹ̀ wọn kan láyé àtijọ́ fún wa. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dán mọ́rán, àmọ́ ó yé wa. Ọmọdé ni ọba náà nígbà tí wọ́n fi òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ aláìlera jọba pọ̀, lórí àga kan tó ní ìjókòó méjì. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ló ń ṣèjọba gan-an. Wọ́n dá ihò sẹ́yìn àga, ibẹ̀ ló ti ń sọ ohun tí wọ́n máa wí fún àlejò sí wọn létí. Ọmọ náà lọ ń gbé lẹ́yìn ìlú, ó ń kó àwọn ọmọdé jọ ṣeré ogun. Nígbà tó fi máa dàgbà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti di sójà gidi, ó sì gba ìjọba.

Mo pàtẹ́wọ́. Màmá mi kò pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Obìnrin tó wà lẹ́yìn àga ńkọ́?"

"Khalas, ó parí," ni obìnrin Rọ́ṣíà náà dáhùn. Wọ́n tì í mọ́ ilé àwọn obìnrin onísìn títí ó fi kú.

"Háà! Lẹ́yìn gbogbo ohun tó ti bá wọn sọ?" ni màmá mi wí.

Lọ́jọ́ kejì ní Al Ras, oníṣọ́ọ̀bù dárúkọ iye tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dẹ etí sẹ́yìn. Màmá mi kò fọhùn.

"Yalla, madam!" ni oníṣọ́ọ̀bù fi ní kó ṣe kíá.

Ẹ̀gbọ́n yíjú padà. Ẹ̀rù bà mí, mo ní tiwa ti parí nìyẹn. Màmá mi kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Tó bá jẹ́ pé mò ń lọ Èkó lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí n ti dákẹ́ láti òní."

 Ẹ̀gbọ́n sún lórí bẹ́ǹṣì, ó fọwọ́ lu àyè tó ṣí sílẹ̀.

"Dìde, wá jókòó. Mo gbọ́ ìtàn yẹn láti kíṣìnì. Mi ò lè ti àbúrò mi mọ́ ibì kankan."

A ò lọ Èkó mọ́. Lónìí, fóònù lẹ fi ń ra ọjà, ẹ kì í rí ojú ẹni tó ń tà á, kò sì sí ẹni tó ń dúró sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ó yá ju tiwa lọ, mi ò ní í purọ́. Àmọ́ kò sí bẹ́ǹṣì níbẹ̀ tí ẹnì kan á ti sún fún ẹnì kejì.