Ìròyìn Tí Mo Fẹ́ Fi Pamọ́ Di Sátidé

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè tí mo rí àwọn ọmọ mọ́kànlá náà ní Ayétòrò, ohun tí mo kọ́kọ́ bi tíṣà wọn, Ràfátù, ni pé, "Ṣé oníròyìn mìíràn ti débí?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé, Ẹ̀gbọ́n."

Inú mi dùn.

Ìjọba ti ti ẹnubodè pa nígbà náà. Abúlé àwọn ọmọ náà kò jìnnà sí Tube, létí ẹnubodè. Nígbà tí ìbọn àwọn onífàyàwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́yìnkùlé wọn, àwọn òbí kó ọmọ, wọ́n sá. Ràfátù bá wọn sá wá sí Ayétòrò. Abẹ́ àtíbàbà tí àwọn obìnrin ti ń yan gàrí ló fi ṣe kíláàsì.

"Ẹ wo ojú wọn," ó ní. "Inú èéfín ni wọ́n ti ń kàwé."

Àwọn ọmọ náà fẹ́ ṣe ìdánwò àṣewọlé sẹ́kọ́ńdìrì. Ilé ẹ̀kọ́ kan nítòsí gbà láti forúkọ wọn sílẹ̀, bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wọn àtijọ́ bá lè kọ lẹ́tà pé akẹ́kọ̀ọ́ òun ni wọ́n. Ọ̀gá ọ̀hún náà ti sá. Fóònù rẹ̀ kò wọlé. Ọjọ́ Fúráìdeè ni ìforúkọsílẹ̀ yóò parí.

"Ẹ bá wa wá a," Ràfátù bẹ̀ mí.

Sátidé Sátidé ni ìwé ìròyìn wa ń jáde. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mo ní, "Ẹ má tíì sọ fún ẹlòmíràn." Láàárín àwa oníròyìn, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ìròyìn jáde ló ni ín. Ṣadé ni mò ń sá fún. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ ní Ìlaròó kó tó lọ sí rédíò. Ní Ìdí-Ìrókò, àwọn awakọ̀ tí ọkọ̀ wọn há síbẹ̀ máa ń bi mí pé, "Ṣé ẹ mọ Ṣadé rédíò?" Ó máa ń ta mí bí ata.

Ràfátù tẹjú mọ́ mi. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìwé ìròyìn yín ló fẹ́ ṣe ìdánwò ni, àbí àwọn ọmọ?"

Mo wọkọ̀ padà sí Ìlaròó, ọ̀rọ̀ náà sì bá mi délé. Nígbà tó di àárọ̀ Tọ́sìdeè, mo pe Ṣadé.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbàgbé mi!"

"Mú gègé."

"Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Mú gègé, mo ní!"

Mo ka orúkọ ọ̀gá náà, orúkọ abúlé, àti ti ọmọ mọ́kọ̀ọ̀kànlá fún un. Kó tó di ọ̀sán, ó ti kéde rẹ̀ lórí rédíò. Ìdógò ni ọ̀gá náà ti gbọ́ ọ, nílé àwọn àna rẹ̀, níbi tó ti ń bó gbágùúdá. Ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní, nígbà tó ń pe ọlọ́kadà. Láàárọ̀ Fúráìdeè, lẹ́tà dé Ayétòrò. Wọ́n forúkọ gbogbo wọn sílẹ̀.

Ní Sátidé, ìwé wa jáde, ìròyìn mi wà lójú ewé àkọ́kọ́. Mo mú ẹ̀dà kan lọ fún Ràfátù. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

"Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ṣadé rédíò o," ó ní. "Ọlọ́run á gbé e ga."

Mo ní àmín. Ó ta mí lẹ́nu bí ata.