Ewé Ẹ̀gẹ́ Inú Báàgì Màmá

Títí dòní, bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Dókítà Àjíbíkẹ́ Abórìṣàdé, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màmá, ní Ire-Akari, ọ̀rọ̀ ewé ẹ̀gẹ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, Màmá àti Oyinkán, tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí rẹ̀ ní Òkè-Afá, lọ wo ẹ̀rọ Raman ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Apákun. Ẹ̀rọ náà a máa tan lésà sára nǹkan, ìmọ́lẹ̀ tó bá padà bọ̀ ni yóò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Màmá fẹ́ fi dá ewé ẹ̀gẹ́ tí àrùn ti wọ̀ mọ̀ kí ojú tó rí i. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni agbára wọn ká. Bí wọ́n bá ṣì í rà, iṣẹ́ Màmá parí nìyẹn.

Olúmúyìwá tó ń ta ẹ̀rọ fi hóró parasẹ́tá kan sábẹ́ lésà. Ìlà tó ń fi ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn yọ kedere lójú kọ̀ǹpútà.

“Ẹ wò ó, mà! Ó clear!”

“Ó dáa. Ṣé mo ní orí ń fọ́ mi ni?” Màmá tú báàgì, ó fa ewé ẹ̀gẹ́ yọ. “Bá mi ka èyí.”

“Mà, ewé kọ́ la fi ń ṣe demo o.”

“Tó o bá fẹ́ ra bàtà, ṣé ẹsẹ̀ ẹni tó ń tà á lo máa fi wọ̀n ọ́n?”

Lésà aláwọ̀ ewé bà á, ni ewé fúnra rẹ̀ bá ń tàn yòò, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì bo gbogbo ìlà mọ́lẹ̀. Ó ń ṣe Oyinkán bíi kí ilẹ̀ lanu gbé e mì. Màmá ká ewé rẹ̀, ó ní ó dàbọ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn ní Òṣòdì, wọ́n ní àwọn máa fi agbára kún lésà tiwọn. Èéfín rú túú lára ewé. Màmá fa imú.

“Ẹ̀rọ àyẹ̀wò lèyí, àbí sítóòfù?”

Látìgbà náà, bí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ bá ti rí báàgì Màmá lókèèrè, ẹlòmíì á sọ pé kò síná, bẹ́ẹ̀ fáànù ń yí lórí rẹ̀.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan,” ni Oyinkán ń bẹ̀bẹ̀.

“Kí n wá ra ìjàǹgbọ̀n wọlé?”

Ìgbà tó yá, Olúmúyìwá fúnra rẹ̀ ló pè. Ó ti rí ẹ̀rọ kan tí ojú ò lè rí ìmọ́lẹ̀ lésà rẹ̀, wọ́n sì ní ewé kì í fi bẹ́ẹ̀ tàn lábẹ́ ẹ. Màmá ní kó gbé e wá láti òkè òkun. “Ṣùgbọ́n tí kò bá ka ewé mi, padà ló ń lọ o!”

Kí ẹ̀rọ tó dé, àìsàn ti mú Màmá lọ.

Lọ́jọ́ tí Olúmúyìwá gbé e dé Òkè-Afá, Oyinkán ló pàdé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bá a sọ pé rárá mọ́. Ó ṣáà pinnu pé òun ò ní gba parasẹ́tá. Olúmúyìwá ti ọwọ́ bọ àpò, ewé ẹ̀gẹ́ ló mú jáde.

“Ẹ̀yìnkùlé yín ni mo ti já a,” ló wí. “Ẹ̀rù Màmá ṣì ń bà mí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tan lésà. Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n mọ́ kedere. Oyinkán yíjú sí àga tí Màmá máa ń jókòó sí.

“Ó ti kà á, mà,” ló wí.