Ta Ló Máa Kọ́kọ́ Tan Iná

Iná ẹ̀lẹ́ńtíríkì tí wọ́n gbé wá sí Ìkòròdú, mi ò bá a jà o. Èèyàn ni mo bá jà.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, èmi ni mo kọ́ ara mi. Iléyá ń bọ̀, aṣọ funfun kún ilẹ̀, èéfín fìtílà sì ti ba agbádá ẹnì kan jẹ́. Onítọ̀hún ní kí n máa wọ̀ ọ́ fúnra mi. Ìdí tí mo fi fẹ́ iná nìyẹn, kì í ṣe fáàrí.

Àwọn oníná ti ri òpó síwájú ilé wa, wọ́n ti fa wáyà wọlé, gílóòbù ti wà ní pálọ̀. Ó ku kí wọ́n so ó mọ́ òpó. Ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi bá jáde láti ilé tiwọn lẹ́yìnkùlé, wọ́n dúró sábẹ́ òpó, wọ́n ní iná ò lè tàn nílé àbúrò kó tó tàn nílé ẹ̀gbọ́n. Bàbá mi ní òótọ́ ni.

Ọ̀gá àwọn oníná ní ilé koríko nilé ẹ̀gbọ́n, iná ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, ó máa jó. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kó yáa gbé iná ẹ̀ padà sí Èkó nìyẹn.

Inú bí mi. Mo ní fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé, "Bàbá, tí ẹ bá fẹ́ iná, ẹ kan páànù."

Bàbá mi ní kí n dọ̀bálẹ̀. Orí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ni ọgbọ́n ti sọ sí mi. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá fi ọwọ́ ara wọn tan iná náà ní pálọ̀ wa. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tàn án ló ni ín.

Wọ́n rò ó. "Ṣé àga á wà?"

"Àga á wà, bàbá."

Àwọn oníná so wáyà mọ́ òpó. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi dé fìlà wá, wọ́n tẹ súìṣì, iná tàn. Wọ́n ní, "Ó mọ́lẹ̀." Wọ́n jókòó. Àwọn ará àdúgbò ń wá kí wọn kú oríire iná wọn. Ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tún wá. Ọjọ́ kẹta, wọ́n ní ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ mi ò jẹ́ káwọn gbọ́ ìkíni, kí n gbé e kúrò.

Mo gbé e lọ sí ilé koríko, torí ibẹ̀ ló ṣófo. Ìyàwó wọn bá mi tan fìtílà. Mo ní tí èéfín bá tún ba aṣọ jẹ́, màá gbé ẹ̀rọ mi padà sábẹ́ iná, ẹni tó bá fẹ́ kó bínú.

Ìyá yẹn nu gíláàsì fìtílà dáadáa. Wọ́n ní, "Jọ̀ọ́, ọmọ mi, má gbé e padà. Tí ariwo yẹn bá dé ọ̀hún, bàbá máa wálé."