Ìkélé Ogun Tí Bàbá Mi Gbé Ti Bọ́mà Bọ̀

Ìkélé kan ni gbogbo ohun tí bàbá mi gbé bọ̀ wá sí Ọ̀sì láti ogun Bọ́mà. Ó ní inú ilé tí àwọn ọ̀gá ológun Jàpáànù sá fi sílẹ̀ ni òun ti rí i. Pátákó pẹlẹbẹ mẹ́rin tó ń ká mọ́ra wọn ni, tí wọ́n fi bébà bò. Ogun àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n yà sí i: ẹṣin tó gbọfà níkùn ń rì sódò, ilé ń jó, ọkùnrin kan sì fi orúnkún tẹ ẹnìkejì mọ́lẹ̀ létí omi, ó ń gé e lọ́rùn.

Ní gbogbo ọdún tó ṣáájú òmìnira, bí bàbá mi bá ti oko dé nírọ̀lẹ́, á ta ìkélé náà sí pálọ̀, á yọ àdá, á máa bá wọn jà. Á máa pariwo nípa ẹni tó gún nínú, tí ìfun rẹ̀ dà sí i lọ́wọ́, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará ìlú Kórò ìtòsí wa tí bọ́ǹbù fà ya. Á sunkún. Lẹ́yìn náà á jẹ iyán, á sùn fọnfọn. Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn ẹ̀jẹ̀ inú àwòrán yẹn.

Ohun kan ṣoṣo ni ìyá mi ń fẹ́: kí ọkọ òun sinmi ogun. Wòlíì ìjọ Aládùúrà wa, tí kò gbọ́ ìró ìbọn rí ju ti ọdẹ lọ, sọ fún un pé àwọn tí bàbá mi pa ló bá ẹrù náà wálé, àfi kí wọ́n sun ún. Ìyá mi gbà á gbọ́. Kò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju eéje lọ.

Lọ́jọ́ tí bàbá mi lọ síbi òkú ní Odò-Ọwà, àwọn obìnrin aláṣọ funfun gbé ìkélé náà sẹ́yìnkùlé, wọ́n ka Sáàmù, wọ́n da kẹrosíìnì sí i. Iná mú ẹni tó ń gé ọrùn àti ẹni tí wọ́n ń gé lọ́rùn pọ̀.

Nígbà tí bàbá mi dé, ìyá mi kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, Bàbá wa. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ò ní bá wa gbé ulé yìí mọ́.”

Bàbá mi wo eérú náà pẹ́. “Níbo lo wá fẹ́ kí n máa jà sí?”

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó ti oko dé, ó jókòó, ó kọjú sí ògiri lásán. Ìyá mi gbé iyán wọlé, bàbá mi sì rí ọ̀tá. Àdá bà á léjìká, àwo fọ́. Ìyá mi kò sá. Ó rọ̀ mọ́ ọn, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sára àwọn méjèèjì, ó ń sọ fún un pé ogun ti parí, bàbá mi sì ń bá a jà lọ.